Ọwọ́ Tó Gbẹ́ Ọkọ̀, Ọwọ́ Tó Gbẹ́ Ère

Ní ìpínlẹ̀ Maryland lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lórí odò Miles tó wọ inú ìyawọ̀ òkun Chesapeake, ọkọ̀ onígbòkun kan wà tí kì í dá dúró. Bí wọ́n bá gbé òpó rẹ̀ méjèèjì nàró, tí wọ́n ta ìgbòkun sí i, tí èèyàn kò sì sí nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi lélẹ̀ sínú omi. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òpó rẹ̀ ga, aṣọ tí wọ́n ta sí i sì pọ̀ ju ohun tí irú ara bẹ́ẹ̀ lè gbé. Àwọn atukọ̀ ló ń mú un dúró. Wọ́n á na pákó gígùn síta ní ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, wọ́n á sì rá lọ sórí rẹ̀ títí wọ́n á fi jókòó sókè omi gan-an, kí ìwúwo ara wọn lè fa ọkọ̀ náà nàró. Bí afẹ́fẹ́ bá le sí i, wọ́n á tún sún síta. Bó bá rọlẹ̀ lójijì, kí wọ́n yára rá padà sínú ọkọ̀ ni. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ yóò fojú ba omi, òun àti ọkọ̀ àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Log canoe ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Èyí tó gùn jù nínú wọn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 35. Láti àárín ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ti ń fi í díje, wọ́n sì ṣì ń fi í díje títí dòní, ní òpin ọ̀sẹ̀ nígbà ooru. Ohun tó yẹ kó mú ọmọ Odò-Ọwá dúró wò ó dáadáa ni pé wọn kò kan án bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ yòókù, tí wọ́n á to egungun rẹ̀ kí wọ́n tó fi pákó bò ó. Wọ́n gbẹ́ ẹ ni. Ìtì igi ni wọ́n gbé sílẹ̀ tí wọ́n fi àáké lé títí ọkọ̀ fi jáde nínú rẹ̀.

Odò-Ọwá jìnnà sí òkun. Ìlú orí ilẹ̀ ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò sì sí ẹni tó ń wá ọkọ̀ ojú omi débẹ̀. Àmọ́ bí a bá ń sọ̀rọ̀ igi gbígbẹ́, agbègbè náà kì í ṣe àlejò rárá. Ibẹ̀ ni Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè ti ṣiṣẹ́, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ọ̀pọ̀ ìwé mọ̀ sí Bámgbóyè ará Odò-Ọwá. Ní Òsì tí kò jìnnà síbẹ̀ ni Àrẹògún ti gbẹ́ igi tirẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ Bándélé náà sì di agbẹ́gilére. Ère Ẹpa tí Bámigbóyè gbẹ́ kì í ṣe ohun kékeré. Ìkòkò tí oníjó ń kì bọ orí wà nísàlẹ̀; lókè rẹ̀ ni ológun orí ẹṣin wà, tàbí ìyá tí ọmọ yí ká, pẹ̀lú onílù, ọmọ ogun àti ìránṣẹ́, gbogbo wọn láti inú ìtì igi kan ṣoṣo. Àwọn kan ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Síbẹ̀, èèyàn ló ń gbé e sórí jó.

Àwọn agbẹ́gilére agbègbè yẹn ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà lílé ló ṣáájú, nígbà tí àáké bá ń ṣá igi láti rí ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò bọ́ sí. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń yọ kúrò lára ìtì. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí fínfín tó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu mímú. Ẹni tó bá mọ ìpele mẹ́rin yìí kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé log canoe fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ Chesapeake, bí àwọn Powhatan, ló kọ́kọ́ ń gbẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀. Iná ni àáké wọn. Wọ́n á dáná sí ìdí igi títí yóò fi wó, wọ́n á tún dáná lé ìtì náà lórí, wọ́n á máa fi ìkarahun há ibi tó bá ti jó, títí inú rẹ̀ yóò fi ṣófo. Ní 1590, Theodor de Bry tẹ àwòrán kan jáde tó fi hàn bí àwọn ọmọ onílẹ̀ etí òkun náà ṣe ń ṣe é. Nígbà tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìlú Jamestown dó ní 1607, wọ́n rí i pé ọkọ̀ náà bá omi ibẹ̀ mu. Àáké irin tí wọ́n mú wá sì mú iṣẹ́ náà yá.

Ní 1619, ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ sí Point Comfort ní Virginia, nítòsí ẹnu ìyawọ̀ òkun kan náà. Àwọn ọmọ Áfíríkà bí ogún ó lé díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kó láti Angola. Àwọn ni ìtàn kà sí àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wọ àgbègbè tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé wọn lọ ní ọ̀rúndún náà àti èyí tó tẹ̀ lé e wá láti etí odò àti etí ọ̀sà, níbi tí ọmọdé ti ń mọ àjẹ̀ dì mú kó tó mọ ọkọ́. Ìwé tí Kevin Dawson kọ ní 2018, *Undercurrents of Power*, sọ ìtàn yìí ní kíkún: àwọn èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú mú iṣẹ́ odò wọn lọ pẹ̀lú ara wọn, ìlúwẹ̀ẹ́, ìtukọ̀ àti ọkọ̀ gbígbẹ́.

Ìmọ̀ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe òde òní, fi irinṣẹ́ kan igi líle nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ gbígbẹ́ ni, ó gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Nígbà tí Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, ń kọ̀wé nípa àwọn odò Niger Delta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, ó sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jẹ́ ìtì igi kan ṣoṣo, àti pé àwọn kan tóbi tó láti gba 80 èèyàn. Ìgbòkun náà kò ṣàjèjì sí wa. Lórí ọ̀sà Èkó níwájú Mákòkó, àti lórí adágún Nokoué ní Ganvié lórílẹ̀-èdè Benin, àwọn apẹja ṣì ń rán àpò àti àkísà pọ̀ di aṣọ ńlá kan, wọ́n á fi igi gbé e dúró, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé wọn relé.

Ìdí nìyí tó fi yẹ ká dúró lórí orúkọ kan: Aaron. Ìtàn tó ti ẹnu bọ́ sínú ìwé ní Virginia sọ pé ẹrú kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ní York County, ló kọ́kọ́ so ìtì igi pọ̀ láti fi ṣe ọkọ̀ kan. Kí ó tó dìgbà náà, bí ìtì igi bá ṣe fẹ̀ sí ni ọkọ̀ ṣe lè fẹ̀ mọ. Igi ńláńlá sì ti ń tán ní etí omi, nítorí gbogbo èèyàn ló ń gé wọn. Bí ìtì méjì bá di ọ̀kan, tàbí mẹ́ta, tàbí márùn-ún, ọkọ̀ á fẹ̀, á gba ẹrù, á sì lè gbé ìgbòkun. Láti orí èrò yẹn ni gbogbo ọkọ̀ tó ń díje lórí odò Miles lónìí ti wá. Aaron kò ní orúkọ bàbá nínú ìtàn náà, kò ní ọjọ́ ìbí, kò ní ibojì tí èèyàn lè lọ wò. Orúkọ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Iṣẹ́ náà gba ojú àti sùúrù. Igi páìnì ni wọ́n ń lò jù. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ onítì márùn-ún ni, ìtì tó nípọn jù ló máa wà láàárín, òun ni egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ìtì méjì sí ọ̀tún, méjì sí òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtẹ̀ tirẹ̀, wọ́n á sì máa fá ojú tí wọn yóò fi pàdé títí tí omi kò fi ní rí àyè gbà kọjá. Ọ̀pá irin ni wọ́n ń gbá wọ inú wọn láti dì wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n á sì fi pákó díẹ̀ gbé etí rẹ̀ ga. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá náà kò ya àwòrán kankan sórí ìwé kí wọ́n tó mú àáké. Ojú wọn ni ìwọ̀n.

Ọkọ̀ iṣẹ́ ni log canoe ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹran omi kan tó ń gbé inú ìkarahun, ọ́ísítà, ló kún ìsàlẹ̀ Chesapeake, àwọn apẹja sì ń dúró lórí ọkọ̀ yìí fi ẹ̀mú gígùn kó o wá sókè. Ní àwọn ọdún 1880, iye irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ju 6,000 lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé èbúté ló ń rí owó gidi gbà lórí ọjà rẹ̀, nítorí náà eré ti wà nínú iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣètò ìdíje. Nígbà tó yá, abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í pe abúlé níjà, wọ́n ń fi aṣọ kún aṣọ, wọ́n ń mú òpó ga sí i, títí ọkọ̀ tó ń kó ọ́ísítà fi di ohun tí kò lè dúró láìsí èèyàn lórí pákó.

Omi kan náà yìí ní ìtàn mìíràn tí kò yẹ kí ayọ̀ ìdíje bò mọ́lẹ̀. Ní Talbot County, níbi tí odò Miles wà, ni wọ́n ti bí Frederick Douglass sínú oko ẹrú ní 1818. Ní 1834 ó wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n mọ̀ sí ẹni tó ń fi pàṣán tẹ orí ẹrú ba, ní oko tó kọjú sí Chesapeake. Douglass kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1845 pé òun máa ń dúró létí omi lọ́jọ́ Ìsinmi, tí òun á máa wo ìgbòkun funfun tó ń kọjá lọ sínú òkun, tí ọkàn òun á sì gbọgbẹ́, nítorí àwọn ọkọ̀ náà lómìnira, òun kò ní. Ní 1836, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìmọ̀ pọ̀ láti gbé ọkọ̀ ńlá kan tó jẹ́ ti ọlọ́kọ̀ kan ládùúgbò, kí wọ́n sì wà á ní òru Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde gba ojú Chesapeake lọ sí àríwá. Ẹnì kan tú àṣírí wọn. Wọ́n dè wọ́n, wọ́n sì wọ́ wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Easton. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló tó rí ọ̀nà àsálà, ọkọ̀ ojú irin ló sì bá lọ.

Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní lè wo ọkọ̀ ìdíje wọ̀nyẹn bí ohun ìṣeré lásán mọ́. Ọmọ onílẹ̀ tó fi iná gbẹ́ ìtì wà nínú rẹ̀. Aaron wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ìgbòkun jẹ́ àlá òmìnira fún, tí wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìtọ́kọ̀, wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ka àwọn ọkọ̀ náà sí ogún àwọn apẹja aláwọ̀ funfun nìkan. Ìtàn tó péye mú kí ọlá ọkọ̀ náà pọ̀ sí i ni. Kò bù ú kù.

Ẹ́ńjìnnì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, apẹja tó ní mọ́tò nínú ọkọ̀ kò nílò afẹ́fẹ́ mọ́, ọ̀pọ̀ log canoe sì jẹrà sí etí omi. Eré ìje ló gba àwọn tó kù. Ní erékùṣù Tilghman, William Sidney Covington ti gbẹ́ Island Bird ní 1882, ó sì gbẹ́ Island Blossom ní 1892. Ní erékùṣù kan náà, John B. Harrison gbẹ́ Jay Dee ní 1931 àti Flying Cloud ní 1932, nígbà tí iṣẹ́ ọ́ísítà kò nílò irú wọn mọ́. Nítorí ìdíje nìkan ló ṣe gbẹ́ wọn. Ní 1985, ìjọba Amẹ́ríkà forúkọ àwọn bí ogún tó ṣẹ́ kù sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè náà. Wọn kò tìtorí èyí gbé wọn sórí ìjókòó kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ṣì ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òpó ṣì ń ṣẹ́, àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ wà wọ́n sì ṣì ń rá lọ sórí pákó. Mùsíọ́ọ̀mù Chesapeake Bay Maritime Museum ní St. Michaels ní ọ̀kan, Edmee S., tó ń jáde lọ díje bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mùsíọ́ọ̀mù yẹn náà ló ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo ìlú agbẹ́gilére gbọ́. Ọkọ̀ ńlá kan wà lọ́wọ́ wọn, Edna E. Lockwood, tí Harrison kan náà ṣe ní 1889 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìtì páìnì mẹ́sàn-án ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìsàlẹ̀ náà gbó, ó rọrùn láti fi fáíbà gíláàsì ìgbàlódé bò ó, kí wọ́n sì parí iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n wá igi páìnì tó nípọn tó, èyí tí kò rọrùn rí mọ́, títí wọ́n fi rí i ní Virginia. Láti 2016 ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń gbẹ́ ìtì mẹ́sàn-án tuntun bí Harrison ṣe gbẹ́ tirẹ̀, ní gbangba, lójú àlejò. Ní oṣù Kẹwàá 2018 ni wọ́n sọ Edna padà sínú omi lórí ìsàlẹ̀ tuntun. Ìsàlẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n gbé sílẹ̀ kí èèyàn lè wo ipa àáké Harrison lára rẹ̀. Àǹfààní tó tóbi jù kò sí nínú ọkọ̀ náà. Ó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó jáde níbẹ̀, tí wọ́n ti mọ bí ìtì mẹ́sàn-án ṣe ń di ọ̀kan.

Iṣẹ́ Odò-Ọwá náà ti wọ mùsíọ́ọ̀mù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Yale University Art Gallery ní New Haven ṣí àfihàn kan tó dá lórí Bámigbóyè nìkan, tó sì wà ní ṣíṣí wọ 2023. Ère Ẹpa rẹ̀ dúró lábẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri. Ohun ayọ̀ ni èyí fún Odò-Ọwá, nítorí ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére Yorùbá ni iṣẹ́ wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù òkèèrè láìní orúkọ rárá. Ṣùgbọ́n ère Ẹpa jẹ́ ohun tí wọ́n gbẹ́ fún ijó. Ní ìlú Èkìtì púpọ̀, oníjó tó gbé e sórí ní láti fò gun orí òkìtì, gbogbo ìlú á sì máa wò bóyá yóò dúró tàbí yóò yẹ̀. Ìwúwo tí ọ̀rùn rẹ̀ ń gbé ni agbẹ́gilére ti rò mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Harrison ṣe ro ìwúwo àwọn tó máa jókòó lórí pákó mọ́ ọkọ̀ tirẹ̀. Inú gíláàsì kò lè fi ìyẹn han ẹnikẹ́ni.

Bámigbóyè fúnra rẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà pamọ́. Ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní igi gbígbẹ́ ní Òmù-Àrán, níbi tí ìjọba ti gbà á sí iṣẹ́ olùkọ́. Nítorí náà, ilé-ìwé tó ń kọ́ni ní ọ̀nà lílé àti fínfín kì í ṣe àlá tuntun ní agbègbè yẹn. Wọ́n ti ṣe é rí. Ohun tí àwọn ará St. Michaels ní ju Odò-Ọwá àti Òsì lọ kì í ṣe ọgbọ́n. Wọ́n ní ìdí tó ń mú kí wọ́n tún igi gbẹ́ lọ́dọọdún, nítorí òpó yóò ṣẹ́, pákó yóò là, ìdíje tó ń bọ̀ kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè dá irú ìdí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa bẹ agbẹ́gilére lọ́wẹ̀ fún ère tuntun tí wọn yóò gbé jó, kí ilé-ìwé kan ní àáké àti ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n lò, kí ẹnì kan sì gbin ìrókò àti ọmọ̀ sí ibi tí a kò ní gé wọn kó tó tó àkókò.

Kò sí àyè fún ìdẹ̀ra. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń wo agbẹ́gilére lẹ́nu iṣẹ́ ní 1960 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà láàyè ní Odò-Ọwá tàbí ní abúlé tó yí i ká, ó lè sọ igi tí wọ́n yàn àti èyí tí wọ́n kọ̀, oṣù tí wọ́n ń gé e, ètùtù tí wọ́n ń ṣe kí àáké tó kàn án, àti ibi tí àáké àkọ́kọ́ ń bọ́ sí lára ìtì. Ọmọ ilé-ìwé tó ní fóònù lè jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kó sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀.